Ọkọ ló pa á ni, àbí ọkọ̀? Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ẹbí mọ ikú tó pa òkú

Ẹ tan rédíò láàárọ̀ kùtù, kí ẹ fetí sí ìkéde òkú. Wọ́n á dárúkọ olóògbé, wọ́n á dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ ní Èkó, ní Ìbàdàn àti nílùú òyìnbó, wọ́n á sọ ọjọ́ àìsùn, wọ́n á sọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti máa ṣe àlejò. Ṣùgbọ́n tọ́rọ̀ bá ti kan ohun tó pa olóògbé gan-an, gbólóhùn kan náà ni gbogbo ilé ń lò: "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́." Ẹ̀jẹ̀ ríru ni o, ìtọ̀ ṣúgà ni o, ikọ́ ife ni o, àìsàn ránpẹ́ ni gbogbo ẹ̀. Kódà ẹni tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọdún mẹ́ta, àìsàn ránpẹ́ náà ni wọ́n á ní ó ṣe.

Tí ẹ bá wá rìn dé ẹ̀yìnkùlé ilé òkú ọ̀hún, ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ máa gbọ́. Àwọn kan á ní orogún ìyá rẹ̀ ló ṣe é. Àwọn mìíràn á ní òde tó lọ lọ́jọ́ Sátidé ni wọ́n ti fún un ní nǹkan mu. Ẹni tó mọ̀ díẹ̀ nínú wọn á ní rárá o, ó ti pẹ́ tó ti ń di àyà mú, òun gan-an lòun ní kó lọ sílé ìwòsàn tí kò lọ. Òkú ti wọlẹ̀ ná. Dókítà kankan ò rí i, kò sì sí ìwé kankan níbi kankan tó sọ ohun tó pa á.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. Nínú ìròyìn tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé jáde lọ́dún 2021, wọ́n ní nínú èèyàn mẹ́wàá tó bá kú lágbàáyé, mẹ́rin ni ikú wọn kì í wọ ìwé ìjọba ibì kankan. Ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa, ẹyọ kan péré nínú mẹ́wàá ló ń wọ̀ ọ́. Nàìjíríà ní òfin tirẹ̀ o. Decree 69 ti ọdún 1992 ló sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n máa forúkọ ẹni tó bá kú sílẹ̀, àjọ National Population Commission ló sì wà nídìí iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ta ló ń kúrò níbi ìsìnkú tó ń wá ọ́fíìsì ìjọba kiri? Àfi ẹni tó bá fẹ́ gba owó olóògbé ní báńkì.

Ìjọba tí kò bá sì mọ ohun tó ń pa aráàlú, inú òkùnkùn ló ti ń náwó. Kò mọ̀ bóyá oògùn ibà ló yẹ kó rà ni, àbí afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń mí fáwọn ọmọ tuntun, àbí kó tún ọ̀nà tí mọ́tò ti ń pa èèyàn ṣe.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ti wọ̀ ọ́. Àwọn onímọ̀ rò ó pé tí kò bá tiẹ̀ sí dókítà tó rí olóògbé, ẹni tó tọ́jú rẹ̀ títí tí ẹ̀mí fi bọ́ rí i. Ìyàwó tó ń fomi tútù nù ún lára rí i. Ọmọ tó ń gbé e lọ sílé ìgbẹ̀ rí i. Kí wọ́n lọ bá wọn nílé, kí wọ́n ní kí wọ́n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí kọ̀ǹpútà wá sọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn di ohun tí èèyàn lè kà, tó lè ṣírò. Verbal autopsy ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé wọ́n ń yẹ òkú wò láti ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀, láìfi ọ̀bẹ kan òkú rárá.

Báyìí ló ṣe máa ń rí. Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin kan pàdánù ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méjì. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ọmọbìnrin kan tí àwọn olùwádìí rán kan ilẹ̀kùn rẹ̀, fóònù ńlá kan ló mú dání.

"Ẹ kú ìrójú, mà. Olúwa ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rírú ẹ̀ mọ́."

"Àmín o, ọmọ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ kẹ́ ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi, látọjọ́ tí ara rẹ̀ ò ti yá."

Ìyá á mí kanlẹ̀. "Ọjọ́ Àìkú ló bẹ̀rẹ̀. A dé láti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo rí i pé ara rẹ̀ gbóná bí iná. Mo ra oògùn fún un nílé kẹ́míìsì. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ń ṣeré díẹ̀, mo ní ó ti lọ. Àfi bó ṣe di alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí gìrì gbé e. Ojú rẹ̀ yí sókè, eyín rẹ̀ wa pọ̀. Ìyá ọkọ mi fún un ní àgbo. Kílẹ̀ tó mọ́..." Á dákẹ́ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá nìyẹn, ó sì yé gbogbo ẹni tó bá ti tọ́mọ rí. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní "mo ní ó ti lọ." Ohun tó ń fẹ́ ni bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, tàbí mi ò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọbìnrin náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan látinú fọ́ọ̀mù tí WHO ṣe, tí wọ́n ti tún ṣe láìmọye ìgbà, tó fi mọ́ ti ọdún 2012, 2016 àti 2022. Ṣé ara rẹ̀ gbóná? Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ mélòó? Mẹ́ta. Ṣé ó wúkọ́? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣé ó yàgbẹ́ gbuuru? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣé ó ń mí gúlegúle? Ó ń mí bẹ́ẹ̀ ní òru ọjọ́ náà. Ṣé ọrùn rẹ̀ le gbagidi? Ìyá ò mọ̀. Wọn kì í sáré parí rẹ̀, ẹlòmíràn á sì sunkún láàárín. Nígbà tí wọ́n bá fi máa kúrò níbẹ̀, ìtàn ọjọ́ mẹ́ta ti di òǹkà àmì tó tò gbọọrọ, èyí tí kọ̀ǹpútà máa fi wé ohun bí ọgọ́ta tó lè pa èèyàn: ibà tí ẹ̀fọn ń fà, òtútù àyà, àrùn yírùnyírùn, ìgbẹ́ gbuuru, jàǹbá ọkọ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá rò pé àṣà tuntun lèyí ṣì í ni o. Ní London, ní ohun tó ń lọ sí irinwó ọdún sẹ́yìn, àwọn ìyá arúgbó ni wọ́n gbé irú iṣẹ́ yìí fún. Tí èèyàn bá kú, wọ́n á lọ wo òkú, wọ́n á bi ará ilé léèrè, wọ́n á lọ ròyìn fún akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sì máa tẹ iye òkú jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. "Eyín" ni wọ́n kọ pé ó pa àwọn ọmọdé kan. "Òjijì" ni wọ́n kọ fáwọn mìíràn. Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ John Graunt ló kó gbogbo rẹ̀ jọ tó sì ṣèṣirò lé e lórí nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1662. Òun náà ló tú àṣírí àwọn ìyá wọ̀nyí. Ó ní tí wọ́n bá ti fún wọn lọ́tí mu, tí wọ́n sì ki owó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ẹni tí àrùn ìbálòpọ̀ pa á di ẹni tó kàn rù títí tó fi kú. Àìsàn ránpẹ́ ti pẹ́ láyé.

Nígbà tó yá, àwọn dókítà ló gba iṣẹ́ náà. Wọ́n á ka ohun tí ẹbí sọ, dókítà méjì á ka ìwé kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹnu wọn ò bá kò, wọ́n á wá ẹni kẹta. Ọ̀nà tó dáa ni, ṣùgbọ́n ibi tí òkú ti pọ̀ jù náà ni dókítà ti wọ́n jù. Ta ló fẹ́ yọ dókítà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó wà láàyè kó wá jókòó ti ìwé òkú?

Peter Byass, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Umeå ní Sweden, tó kú lọ́dún 2020, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wá ojútùú sí i. Ó ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ InterVA, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2003 lẹ́yìn tó dán an wò ní Vietnam. Ìṣirò tó lò kì í ṣe tuntun. Pásítọ̀ ọmọ England kan, Thomas Bayes, ló fi sílẹ̀ kó tó kú lọ́dún 1761.

Ìṣirò náà ò le tó bí orúkọ rẹ̀ ṣe ń dẹ́rù bani. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ lásán ṣe é. Ká ní àgbàlagbà 100 kú nílùú kan, tí ikọ́ ife sì pa 10 nínú wọn. Kí wọ́n tó bi ẹbí ní ìbéèrè kankan, ohun tí kọ̀ǹpútà mọ̀ nípa olóògbé kan kò ju 10 nínú 100 lọ. Ká tún ní nínú 10 yẹn, 8 ló wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kó tó kú, nígbà tó jẹ́ pé nínú 90 tó kù, 9 péré ló wú irú ikọ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹbí bá wá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, àárín èèyàn 17 ni olóògbé bọ́ sí yẹn, ikọ́ ife ló sì pa 8 nínú wọn. Ìdáhùn kan ṣoṣo ti gbé ọ̀rọ̀ kúrò ní 10 nínú 100, ó ti fẹ́ẹ̀ dé ìdajì. Tí wọ́n bá tún ní olóògbé rù, ó ń làágùn lóru, ó ń wú ẹ̀jẹ̀, á tún gòkè sí i. Àmọ́ tí wọ́n bá ní mọ́tò ló gbá a lójú títì, gbogbo ẹ̀ á já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bá a lọ nìyẹn lórí gbogbo àmì àti gbogbo àrùn, kó tó ka ẹyọ kan sí méjì ó ti parí. Ìwọ̀n tó ń lò, àwọn dókítà ló jókòó tó fún àmì kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀.

Àwọn mìíràn ti wá ṣe tiwọn lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn kan wà tí wọ́n lọ sílé ìwòsàn ní India, Mexico, Philippines àti Tanzania, wọ́n wá òkú tí àyẹ̀wò ti fi ohun tó pa á hàn dájú, wọ́n wá lọ bi ẹbí wọn nílé bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó lé ní 12,000 òkú tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2011. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè dá kọ̀ǹpútà lẹ́jọ́, nítorí pé ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bi í. Ohun tí wọ́n rí ni pé fún ìlú lódindi, ó ń gbìyànjú. Fún ẹnì kan ṣoṣo, ó máa ń ṣì í, ó sì máa ń ṣì í dáadáa.

Kí ni èrè gbogbo wàhálà yìí? Ẹ wo ọ̀rọ̀ ejò ní India. Ìwádìí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Million Death Study, ọ̀jọ̀gbọ́n Prabhat Jha ti Yunifásítì Toronto ló ń darí rẹ̀ pẹ̀lú ọ́fíìsì ìjọba India tó ń ka èèyàn. Ilé ẹbí ni wọ́n ń lọ, wọ́n á kọ ìtàn ikú sílẹ̀ ní èdè tí ẹbí ń sọ, dókítà á sì kà á. Lọ́dún 2011 wọ́n gbé e jáde pé èèyàn bí 45,900 ni ejò pa ní India lọ́dún 2005 nìkan. Ó lé ní ìlọ́po ọgbọ̀n iye tí ilé ìwòsàn ìjọba ń kọ sílẹ̀! Ṣé ilé ìwòsàn ń parọ́ ni? Rárá o. Àwọn àgbẹ̀ tí ejò ń bù jẹ nínú oko nígbà òjò, ọ̀pọ̀ wọn ni kì í dé ilé ìwòsàn kí wọ́n tó kú. Ará ilé mọ̀, aládùúgbò mọ̀, ìwé ìjọba nìkan ni kò mọ̀. Lọ́dún 2017, WHO ka oró ejò mọ́ àwọn àrùn tí aráyé ti pa tì, nígbà tó sì di ọdún 2024, India gbé ètò tirẹ̀ jáde láti gbógun tì í.

Ejò rọrùn ṣá, ẹni tí ejò bù jẹ kì í fara sin. Ibà ni kò rọrùn. Ìwádìí kan náà ló sọ lọ́dún 2010 pé ibà tí ẹ̀fọn ń fà ń pa nǹkan bí èèyàn 205,000 lọ́dún ní India kí wọ́n tó pé ẹni àádọ́rin ọdún, nígbà tí WHO ń pe tiẹ̀ ní 15,000. Inú WHO ò dùn sí i. Wọ́n ní ara gbígbóná tí ẹbí ń sọ, ẹgbẹ̀rún àrùn ló ń mú ara gbóná. Ẹni tó bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo nǹkan ní ibà nílẹ̀ Yorùbá á mọ̀ pé wọ́n ní ẹjọ́ díẹ̀ lẹ́nu.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti fi ọ̀rọ̀ dókítà àti kọ̀ǹpútà bá ara wọn jà. Àwọn kan ní kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n ju dókítà tó jókòó sí ọ́fíìsì, àwọn ti Jha ní irọ́ ni. Lọ́dún 2019, wọ́n gbé àbájáde ìdánwò kan jáde látinú abúlé 117 ní India, lórí òkú tó lé ní 9,000, ibi tí wọ́n wá sì lọ sí ni pé ọwọ́ dókítà ṣì dáa ju ti kọ̀ǹpútà lọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà ò gbà títí dòní. Ó kúkú yé èèyàn: dókítà ka gbogbo ìtàn, kọ̀ǹpútà rí bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan.

Èyí ló jẹ́ kí àwọn kan sọ pé ó yẹ kí kọ̀ǹpútà kọ́ bó ṣe máa ka ìtàn náà fúnra rẹ̀, bó ṣe jáde lẹ́nu ẹbí. Wọ́n ti ń ṣe é ní Yunifásítì Leeds láti bí ọdún 2013 lórí ìtàn tí wọ́n gbà ní Gánà, wọ́n ṣe é ní Toronto lọ́dún 2019, àtìgbà tí ẹ̀rọ bíi ChatGPT sì ti jáde ní ìparí ọdún 2022, àwọn olùwádìí ti ń fi irú rẹ̀ dán an wò. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ ọ̀pọ̀ jù lọ ìtàn tí wọ́n fi ń dán an wò.

Tó bá wá jẹ́ Yorùbá ńkọ́? Wàhálà dé nìyẹn. Ìwọ̀nba èèyàn ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tó bá ń tẹ fóònù. Tí olùwádìí bá tẹ̀ ẹ́ pé "oko lo pa a," kí ni kọ̀ǹpútà máa kà? Tó bá jẹ́ ọkọ̀, jàǹbá ojú títì ni. Tó bá jẹ́ ọkọ, ọ̀rọ̀ ti di ti ọlọ́pàá. Tó bá jẹ́ ọkọ́, nǹkan mìíràn ni. Inú fọ́ọ̀mù WHO, àyè ẹni tí ọkọ̀ pa yàtọ̀ pátápátá sí àyè ẹni tí èèyàn pa, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà kan náà ni lórí fóònù.

Àmì ọ̀rọ̀ nìkan kọ́ o. Gìrì tí ìyá yẹn sọ, ó lè jẹ́ ti ibà, ó lè jẹ́ ti yírùnyírùn, nínú ọmọ tuntun ó lè jẹ́ tetanus, látinú abẹ tó dípẹtà tí wọ́n fi gé ìwọ́. Jẹ̀díjẹ̀dí tí àwọn bàbá ń pè, nígbà mìíràn ìdí yíyọ ni, nígbà mìíràn ìgbẹ́ ọ̀rìn ni, nígbà mìíràn ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n. Abíkú tí wọ́n ń sọ fún ìyá tó ti sin ọmọ mẹ́ta, dókítà á ní kí wọ́n lọ wo ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá bóyá AS ni àwọn méjèèjì. Ẹni tó ní "aráyé ló ṣe é" kò purọ́ fún olùwádìí, ohun tó gbà gbọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò sí àyè aráyé lórí fọ́ọ̀mù. Ká má tíì sọ àrùn HIV, tí ọ̀pọ̀ ẹbí kì í fẹ́ dárúkọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará London ìgbà Graunt.

Iṣẹ́ yìí ti dé Nàìjíríà náà. Lẹ́yìn ìwádìí ńlá tí National Population Commission ṣe nílé-nílé lọ́dún 2013, wọ́n padà lọ lọ́dún 2014 sọ́dọ̀ àwọn ìyá tó sọ pé àwọn pàdánù ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 2019, lẹ́yìn ti 2018. Nínú àbájáde ti 2014, ibà tí ẹ̀fọn ń fà, ìgbẹ́ gbuuru àti òtútù àyà ló léwájú nínú ohun tó ń pa àwọn ọmọ tó ti pé oṣù kan títí di ìsàlẹ̀ ọdún márùn-ún. Ti àwọn ọmọ tuntun, àrùn inú ẹ̀jẹ̀ àti àìlèmí lásìkò ìbí ló pọ̀ níbẹ̀. Wọn ò fi mọ síbẹ̀, wọ́n tún bi àwọn ìyá léèrè bí ìtọ́jú ṣe lọ: ìgbà wo ni wọ́n rí i pé ara ọmọ ò yá, ta ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ bá, kí ló dí wọn lọ́wọ́ tí wọn ò tètè dé ilé ìwòsàn.

Ká padà sọ́dọ̀ ìyá yẹn. Ọmọbìnrin náà ti bi í ní ìbéèrè tó kẹ́yìn, ó ti dúpẹ́, ó ti ń palẹ̀ mọ́. Ìyá ò tíì dìde.

"Ọmọ mi, kí ló wá pa á?"

"Mà, èmi kọ́ ni mo máa mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ló máa ṣe é lọ́fíìsì."

"Ṣé wọ́n á wá sọ fún mi?"

Ọmọbìnrin náà ò mọ ohun tó máa sọ. Nínú ọ̀pọ̀ irú ìwádìí báyìí, wọn kì í mú àbájáde padà wá fún ẹbí. Ìdí wọn ò burú: ẹ̀rọ tó lè ṣì í lórí ẹnì kan, kò yẹ kó lọ sọ fún ìyá kan pé ohun báyìí ló pa ọmọ rẹ̀. Àpapọ̀ ìlú ni wọ́n ń wá.

Ìyá wolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Ìyá ọkọ mi ló fún un ní àgbo lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Látìgbà náà, mi ò lè wo ojú wọn. Ṣé àgbo yẹn kọ́ ló pa á?"

Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ní Ìbàdàn ti ń kọ̀wé lórí àgbo gìrì tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù sí, pé ó lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ já wálẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbo kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo, ìyá náà ò sì mọ ohun tó wà nínú tiwọn. Ọmọbìnrin náà tún jókòó. Ó ṣí ibi tí àyè ìtàn wà lórí fóònù rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ bí ìyá ṣe sọ ọ́: "mama n bere boya agbo lo pa a." Ó tẹ bọ́tìnì, ó dágbére, ó kọjá sí ilé kejì.